Thirza Sowcott àti Orúkọ Ilé Ọkọ Rẹ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Thirza Sowcott fi tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì Marlby, ní Lincolnshire, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń nu àga, òun ló ń bu omi sínú àwo ìrìbọmi. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò rí ẹnì kan nínú ìlú náà tó tó nǹkan lójú rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń hanrun nígbà ìwàásù. Ó mọ obìnrin tó ń ju bọ́tìnì sínú igbá ọrẹ, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń ròkè ju ti gbogbo èèyàn lọ nídìí orin. Àlùfáà tó kọ́kọ́ bá níbẹ̀ ń bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀; èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń bẹ̀rù òtútù. Bí èèyàn bá kí Thirza, á dáhùn. Bí wọn ò bá kí i, ìgbálẹ̀ rẹ̀ á ṣáà máa lọ ni.

Kò ti ilé ńlá wá. Kòtò ni Dring bàbá rẹ̀ ń gbẹ́, nítorí ilẹ̀ àdúgbò náà tẹ́ bí àwo, bí wọn ò bá la kòtò sí i, omi á gbà á padà. Láti ìgbà tí Thirza ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń tu ìyẹ́ tòlótòló àti pẹ́pẹ́yẹ lọ́gbà ọkùnrin kan tó ń kó ẹyẹ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi le bí awọ bàtà. Ibẹ̀ ló wà lọ́dún 1924 tí Wilfred Sowcott fi wá gbé e níyàwó. Wilfred ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nínú ahéré páànù kan lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í jiyàn, ẹ̀rín kì í wọ́n ọn. Thirza kò sọ ọ́ jáde rí pé òun fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ gbogbo ìlú mọ̀ pé òun nìkan ni kì í yínmú sí.

Orúkọ Wilfred yìí ṣọ̀wọ́n. Yàtọ̀ sí Marlby àti abúlé méjì tó wà nítòsí rẹ̀, èèyàn lè rin gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já kó má rí Sowcott kan. Ọmọdé tó bá ti lè kàwé ní Marlby mọ ohun tí orúkọ náà ń wí: sow ni wọ́n ń pe abo ẹlẹ́dẹ̀, cott sì ni ahéré lẹ́nu àwọn ará àtijọ́. Ahéré abo ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi sọ èèyàn ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Aubrey, ẹ̀gbọ́n Wilfred, sọ pé òun mọ̀. Akọ̀wé ni Aubrey lọ́fíìsì lọ́yà kan lójú pópó ọjà. Kọ́là funfun tó le gbagidi ló máa ń wọ̀, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó gbé ife omi rù tí kò fẹ́ kó dà. Ó ní ẹnu àwọn ará oko ló ba orúkọ náà jẹ́, pé Saucourt ló yẹ kó jẹ́, orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní jagunjagun ọlọ́ṣin kan, Sir Guy de Saucourt, ló bá Ọba William sọdá òkun wá nígbà tí ọba náà wá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé àtọmọdọ́mọ jagunjagun yìí làwọn. Gbogbo ìlú ń pe orúkọ náà ní Sáòkọ́ọ̀tì. Aubrey àti Lettice ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Sokúọ̀, wọ́n á sì ká ètè jọ bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ná.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Thirza, Aubrey dìde pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó wo ìyàwó tuntun láti òkè délẹ̀, ó ní, “Thirza, ohun tí o gbà lónìí ju ohun tí o gbé wá lọ. Orúkọ tó gun ẹṣin wọ ilẹ̀ yìí ni.”

Thirza bi í pé, “Ẹṣin náà dà?”

Ẹ̀rín bo tábìlì. Wilfred rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú un. Aubrey fi ife rẹ̀ sílẹ̀ láìmu, kò sì dárí ẹ̀rín yẹn ji Thirza láéláé.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Aubrey àti Lettice máa ń wá kí wọn. Wọ́n á jókòó sí etí àga bí ẹni tí àga náà lè ràn ní àrùn. Ní ti Thirza, ó máa ń lọ sílé wọn nígbà tí kò bá rí bó ṣe máa yẹ̀ ẹ́. Nínú pálọ̀ wọn ni Aubrey gbé apata kan kọ́ sí, èyí tó rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ta àmì ìdílé fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lè sanwó. Orí ẹranko kan wà lójú apata náà, pẹ̀lú eyín méjì tó yọ síta.

Thirza ní, “Ẹlẹ́dẹ̀ náà ṣì nìyẹn.”

Aubrey ní, “Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni. Àwọn ọba ló ń dọdẹ rẹ̀.”

“Ẹ ti ná gbogbo owó yẹn, ẹ ò wá kúrò lọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀.”

Gbogbo ilé ní Marlby ló ń sin ẹlẹ́dẹ̀ kan láyé ìgbà náà, oṣù kọkànlá ni wọ́n sì máa ń pa á. Ẹni tó bá pa ẹlẹ́dẹ̀ á gbé àwo ẹ̀dọ̀ àti ìfun díndín ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé àti aládùúgbò. Wọn kì í fọ àwo náà kí wọ́n tó dá a padà, torí wọ́n ní ẹran tó kù á bàjẹ́ bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Aubrey kì í fi ẹnu kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Thirza mọ̀ dáadáa, lọ́dọọdún ló sì ń gbé àwo tiẹ̀ ránṣẹ́ sí i, tó kún dẹ́nu. Lọ́dọọdún ni Lettice máa ń dá àwo náà padà ní fífọ̀, tó ń dán gbinrin. Thirza á gbé e sókè wò, á pòṣé, á gbé e kọ́.

Thirza àti Wilfred bí ọmọ kan ṣoṣo, Nora. Aubrey àti Lettice kò bímọ, ìyẹn ni Aubrey fi gbájú mọ́ ọmọ náà. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn lọ́nà ti Faransé, òun ló wá ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé nílùú Lincoln. Nígbà tó yá, Nora bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé ní báǹkì, Gerald, tí ilé ìyá rẹ̀ ní àtẹ̀gùn méjì, ọ̀kan fún àwọn onílé, èkejì fún ọmọ ọ̀dọ̀. Nora sọ fún Thirza nípa àtẹ̀gùn méjèèjì yìí kó tó sọ àwọ̀ ojú ọmọkùnrin náà fún un. Thirza ní òun ti gbọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 1953, àyà dídùn pa Wilfred. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wúkọ́, ó sì ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó má bínú sí ariwo ikọ́ náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Aubrey ní ojúṣe ẹ̀gbọ́n ni láti ṣe òkúta ibojì. Ó ti rẹ Thirza. Ó ní kó ṣe é.

Oṣù karùn-ún ni wọ́n gbé òkúta náà wá. Thirza kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti dé. Ó gbé garawa omi ń lọ fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá rí i: òkúta funfun, lẹ́tà dúdú, WILFRED DE SAUCOURT. Ó gbé garawa náà kalẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n ti sin àjèjì kan lé ọkọ òun lórí.

Kò padà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Bó ṣe rí yẹn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó tutù, ló gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ilé Aubrey.

“Ta lẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí ọkọ mi?”

Aubrey ní kó jókòó. Kò jókòó.

Aubrey ní, “Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn, Thirza. Èyí tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àṣìpè lásán ni.”

“Àtikékeré ló ti ń dáhùn sí Sowcott. Nígbà tó wà láàyè, ẹ ò tó bẹ́ẹ̀ láti yí i padà lójú ẹ̀. Ìgbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.”

“Ìyàwó ilé ni ọ́. Kí lo mọ̀ nípa orúkọ wa?”

“Kò sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ fìwé ẹ̀ hàn mí.”

Aubrey bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé iná jó ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ilẹ̀ Faransé, pé inú iná yẹn ni ìwé tó so ìdílé náà pọ̀ jóná sí. Thirza gbọ́ ọ dé ìdajì, ó kẹ́yìn sí i, ó jáde. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí kápẹ́ẹ̀tì Lettice títí dọjọ́ kejì.

Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Marlby, àpótí igi kan wà tí wọ́n kó ìwé ìrìbọmi àtayébáyé sí. Thirza ti ń nu eruku orí àpótí náà tipẹ́, kò ṣí i rí. Ó lọ tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àlùfáà. Yàrá náà kò ní ààrò, àlùfáà kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀, ló bá yọ kọ́kọ́rọ́ fún un láìbéèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Thirza kò lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́, nítorí náà ó bẹ Míìsì Pell, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí Thirza ka sí nítorí pé kì í sọ ohun tí kò bá mọ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yàn. Míìsì Pell á gbé awò tó ń sọ lẹ́tà di ńlá wá, Thirza á gbé fílásíkì tíì, wọ́n á jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí Wilfred, wọ́n ń lọ sẹ́yìn. Wilfred ọmọ Jabez, tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Jabez ọmọ Reuben, tó ń gbẹ́ kòtò. Reuben ọmọ Amos, tó ṣẹ̀wọ̀n oṣù méjì nítorí pé ó jí túnípù lóko olóko. Amos ọmọ Thomas, tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, tó fi àgbélébùú wíwọ́ kan rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹṣin, kò sí idà. Thirza ń gbádùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kan alágbàṣe míì, á da tíì kún ife Míìsì Pell.

Yìnyín ìgbà òtútù ti ń yọ́ lórí ibojì níta nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ bàbá Thomas, nínú àkọsílẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1740. Míìsì Pell tẹ̀ síwájú, ó kà á sínú, ó tún un kà, kó tó wá kà á sókè:

“Ọmọkùnrin kan, tí a kò mọ ìyá tàbí bàbá rẹ̀, tí a bá nínú ahéré abo ẹlẹ́dẹ̀ Robert Hallam nínú òtútù ńlá yìí, láàárín àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, láàyè. A sọ ọ́ ní Stephen, a sì fi ibi tí a ti rí i ṣe orúkọ bàbá fún un.”

Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu Míìsì Pell, àmọ́ ó wo ojú Thirza, ó gbé e mì. Thirza ní kó tún un kà. Ó ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ti sin ẹlẹ́dẹ̀ láti kékeré. Ó mọ̀ pé abo ẹlẹ́dẹ̀ lè yíra lé ọmọ tiẹ̀ gan-an kó sì pa á, pé èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè gé ọwọ́ àjèjì jẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ yìí kò yíra, kò sì géni jẹ. Ó sún, ó fún ọmọ ọlọ́mọ láàyè níkùn rẹ̀. Thirza fi ọwọ́ bo ẹnu.

Míìsì Pell ló rí ìyókù. Ó ní, “Mísísì Sowcott, ẹ wo etí ìwé níbí.”

Wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan síbẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké tó mọ́ tónítóní: *Kì í ṣe ara wa. 1912.* Ìrù lẹ́tà ìkẹyìn ká sókè bí ìwọ̀ ẹja. Thirza mọ ìwọ̀ ẹja yẹn. Ọdọọdún ló ń rí i lórí káàdì Kérésìmesì Aubrey.

Ó ní, “Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ láti bí ogójì ọdún.”

Títí di ọjọ́ yẹn, òmùgọ̀ ló ka Aubrey sí, ó sì ń tìtorí bẹ́ẹ̀ fojú fo ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, kò rí ohun tó lè fojú fò mọ́.

Ó bá a nínú ọgbà òdòdó rẹ̀, ó ń gé ẹ̀ka róòsì. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kó fún àwọn ẹgbẹ́ onítàn ìlú ní ọ̀rọ̀ nínú yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́, lórí “Ìdílé de Saucourt ní Marlby”. Thirza na ìwé tí Míìsì Pell dà kọ sí i. Aubrey kà á, ó ká a sí mẹ́rin, ó wo ojú fèrèsé bóyá Lettice ń wo àwọn.

Ó ní, “Kò sí ẹ̀rí pé Stephen yìí ni baba ńlá wa.”

“Aubrey, má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.” Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń pe ọkùnrin náà ní Ọ̀gbẹ́ni Aubrey, ó wá gbé oyè náà jù nù bí ẹni bọ́ aṣọ. “Mo rí pẹ́ńsùlù ẹ. Ọmọ ogún ọdún ni ọ́, o kà á tán, o sì kọ ọmọ náà sílẹ̀.”

Ojú Aubrey walẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn tó fi sọ ọ́ kò ní Faransé kankan nínú. Ó ní Thirza kò mọ ohun tí ojú òun rí. Ó ní ìdánwò ni òun ṣe tí wọ́n fi mú òun sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olówó, pé láràárọ̀ tí tíṣà bá ń pe orúkọ, á dá dúró díẹ̀ kó tó kan òun, gbogbo kíláàsì á sì máa ké bí ẹlẹ́dẹ̀, tíṣà á máa rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ọdún márùn-ún. Ó ní òun lọ ka ìwé náà torí òun ń wá ohunkóhun tó lè sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí òun sì bá níbẹ̀ nìyẹn.

Thirza gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Wilfred náà lọ síléèwé.”

“Kì í ṣe irú èyí tí mo lọ.”

“Wọ́n ń ké sóun náà. Ó ń ké padà sí wọn ni. Ó sọ fún mi pé nígbà tó máa fi tó ọ̀sẹ̀ kejì, òun ti mọ̀ ọ́n ké ju gbogbo wọn lọ, wọ́n wá ń bẹ òun pé kóun kọ́ wọn.”

Thirza ní kó lọ tún òkúta ibojì náà kọ, kó kọ Sowcott sí i, òun kò sì ní í sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Aubrey bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Àlùfáà ń bọ̀ níbi ọ̀rọ̀ náà, ìyá Gerald ń bọ̀. Bí wọ́n bá rí i tí agbẹ́kúta ń pa orúkọ rẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ńkọ́? “Jẹ́ kí ìpàdé yìí kọjá ná, Thirza. Lẹ́yìn ìpàdé.”

Thirza wò ó, ó wo ẹ̀ka róòsì ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn ìpàdé, nǹkan míì á tún wà tó gbọ́dọ̀ kọjá. Ó bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìpàdé, lẹ́yìn tíì ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé, yàrá ìkàwé náà kún. Nora àti ìyá Gerald wà níwájú, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun. Ẹ̀yìn ni Thirza jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ti pinnu pé òun kò ní í la ẹnu. Ó kàn fẹ́ wo bí èèyàn ṣe ń parọ́ lójú ẹni tó mọ òtítọ́. Aubrey rí i. Ó mu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀. Sir Guy sọdá òkun. Sir Guy gba ilẹ̀. Àwọn ọmọ Sir Guy kọ́ ilé olókùúta kan tí ẹnikẹ́ni kò rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kò já lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ìyá Gerald ń mi orí.

Nígbà tí àkókò ìbéèrè tó, Míìsì Pell bi í jẹ́jẹ́ pé kí ló so Sir Guy mọ́ àwọn Sowcott tó wà nínú ìwé ìrìbọmi. Aubrey tún gbé iná ilẹ̀ Faransé yọ. Níbẹ̀ ni Enoch Hallam, àgbẹ̀ ẹni ọgọ́rin ọdún tó wá nítorí pé wọ́n máa fún èèyàn ní kéèkì, ti sọ̀rọ̀ láìdìde.

Ó ní, “Bàbá àgbà mi máa ń sọ pé inú ilé ẹlẹ́dẹ̀ wa lẹ ti jáde wá. Ahéré náà ṣì wà ńbẹ̀. Èédú la kó sí i.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lápá òsì ké hùn-ùn bí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn àgbàlagbà tó wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi fi ń ké káàkiri yàrá bí ọmọ iléèwé, Aubrey sì dúró níwájú wọn, ó di bébà rẹ̀ mú, ètè rẹ̀ ti funfun. Ọrùn Nora pọ́n láti ẹ̀yìn.

Ó yẹ kí inú Thirza dùn. Ó wá adùn náà nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ohun tó rí ni gbogbo àwọn tó ń nu àga fún láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n ń ya ẹnu. Ó dìde, ó rìn lọ síwájú, ó sì dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

Ó ní, “Òótọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Hallam sọ. Ó wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, Míìsì Pell ti rí i. Ọdún tí odò dì ni, tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gba orí omi kọjá. Ẹnì kan ní ìlú yìí gbé ọmọ tuntun jáde sínú òtútù yẹn. Kò jìnnà wá, èèyàn ò lè rìn jìnnà lójú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyá ńlá ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ké yìí. Gbogbo ilé ló ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo ló sún fún un. Ẹ máa ké lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ ọ́n ké. Ọkọ mi tó kú mọ̀ ọ́n ké jù yín lọ.”

Ó wá yíjú sí Aubrey. “Àwọn wọ̀nyí ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, aláìmọ̀kan ni wọ́n. Ìwọ lo mọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ gba ọmọ yẹn sọ́dọ̀, ìwọ tó o jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lo ní kì í ṣe ara yín.”

Ó gba àárín wọn kọjá, ó jáde, ó lọ sílé lọ gbé búrẹ́dì rẹ̀ kúrò lórí iná. Ó ti jó lábẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlùfáà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́nu ẹni tó ń tọ́jú ilé Ọlọ́run. Obìnrin olóbọ́tìnì ní Thirza kò lójútì. Nora wá láti Lincoln lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láìbọ́ kóòtù.

“Ẹ ti sọ mí dọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lójú gbogbo ayé, Màmá.”

Thirza ń bó ànàmọ́. Ó ní, “Ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún ṣàánú ju ìyá ọkọ tó o fẹ́ ní lọ.”

Nora lọ. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ládùúgbò ìyá Gerald. Thirza lọ, ó jẹun, ó padà. Ó lé ní ọdún kan kí Nora tó tún kọ lẹ́tà sí i, nígbà tó kọ ọ́ sì ni Thirza rí i pé ó dun ọmọ náà pé kò jẹ́ Sowcott mọ́, ṣùgbọ́n kò ní í sọ ọ́ láéláé. Thirza náà kò fà á lẹ́nu rẹ̀.

Ó lọ bá agbẹ́kúta fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun kò lè pa lẹ́tà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ohun tí òun lè ṣe ni kí òun yí òkúta náà padà, kí òun kọ tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe. Wilfred Sowcott ló kọjú sí ọ̀nà. Èyí tí Aubrey kọ wà lódì kejì, ó kọjú sí ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, ibi tí kò sí ẹni tó ń dé àfi ológbò àlùfáà.

Ó lọ sóko Hallam pẹ̀lú. Enoch mú un lọ wo ahéré náà. Ó kéré, ó ṣókùnkùn, orí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ débi pé Thirza ní láti tẹ̀ kó tó lè wọlé. Èédú wà níbẹ̀, àti táyà kẹ̀kẹ́ kan. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri. Enoch sọ fún un pé àwọn àgbà ilé àwọn máa ń sọ pé wọn kò pa abo ẹlẹ́dẹ̀ náà lọ́dún yẹn, pé wọ́n jẹ́ kó darúgbó. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń rò ó bóyá kí òun kọ nǹkan sí pátákó níwájú ibẹ̀, káwọn èèyàn máa wá wò ó. Thirza ní kó máa kó èédú rẹ̀ síbẹ̀ jẹ́ẹ́.

Aubrey kò lè gba ojú pópó ọjà kọjá mọ́. Àwọn ọmọ ń ké sí i, bí ó ṣe rí nígbà èwe rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kó tó di òpin ọdún náà, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun àti Lettice kó lọ sí ìlú etí òkun kan ní gúúsù, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Níbẹ̀, gbogbo èèyàn ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni de Saucourt, wọ́n sì ń bi í bóyá ó gbọ́ Faransé. Bí Thirza ṣe mọ̀ ni pé ó kọ ọ́ sínú káàdì Kérésìmesì. Orúkọ gígùn náà ló fi ń parí káàdì náà lọ́dọọdún, pẹ̀lú ìwọ̀ ẹja nídìí lẹ́tà ìkẹyìn, Thirza sì ń fi í dáná lọ́dọọdún.

Lettice kú lọ́dún keje. Ní Kérésìmesì ọdún kẹjọ, káàdì kékeré kan dé, àwòrán ẹyẹ wà lára rẹ̀. Aubrey kò kọ ìròyìn kankan sínú rẹ̀. Ó kí Thirza, ó kí Nora àti ọmọ rẹ̀, ó sì kọ *Aubrey*, ó tán. Kò kọ orúkọ kankan tẹ̀ lé e, ti Faransé àbí ti ẹlẹ́dẹ̀.

Nora ló rí káàdì náà nígbà tó wá lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun. Thirza ti fi í sẹ́yìn aago lórí ààrò, etí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Thirza ní òun ò tíì ráyè jó o.